Òkúta Tí Kò Ní Ẹnìkejì

Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, pọrọfẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì nìkan ni mo ní, nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti odò, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà mí fún ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n níbi tí Faransé bá ti ń ṣe olórí nílé ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ girama nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún ìyá onílé mi pé orúkọ náà tóbi jù fún mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní fìlà tó bá tóbi, kí orí máa dàgbà bá a.

Màmá Filó ni gbogbo àdúgbò wa, Djègan-Kpèvi, ń pè é. Opó ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ilẹ̀ Bùràsíìlì padà wá. Ó ń lọ gba Máàsì ní ìdájí, ó ń ránṣọ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ní èdè mẹ́ta tó fi ń báni sọ̀rọ̀ àti ìkẹrin tó fi ń báni wí. Ó fi àwọn yàrá ilé rẹ̀ háyà. Èyí tó kọjú sí kànga ni mo gbà. Kó tó ti ilẹ̀kùn ìta ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń dúró lágbàlá, á béèrè sókè pé, "Ta ló kù lóde?" Àwọn ayálégbé á dáhùn láti inú yàrá wọn. Èmi kì í dáhùn. Mo rò pé iná àtùpà mi ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà nílé.

Kí n tó kúrò ní Abẹ́òkúta, mo ti sọ fún ara mi pé n kò lọ sí òkèèrè. Ní Kraké, lójú ààlà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn wa náà ló wà níwájú wa. Èdè kan náà ni àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù kọjá ń sọ lápá méjèèjì. Mo wá parí èrò sí pé orí ìwé nìkan ni ààlà wà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí i pé ibi tí mo parí èrò sí kò péye. Orí ìwé ni ààlà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gbé inú ìwé náà. Nàgó ni wọ́n ń pe èdè mi ní Àjàṣẹ́. Wọ́n gbọ́ mi, mo gbọ́ wọn, síbẹ̀ bí mo bá lanu lọ́jà, ẹni tó ń tajà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ará Nàìjíríà." Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú ni.

Ọdún 1972 ni. Àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kẹwàá ọdún náà, rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ìyípadà láti àárọ̀. Mo gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé nípa ohun tó fẹ́ yí padà, n kò sì rí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni òótọ́. Ohun tí mo fojú mi rí kéré. Wọ́n yọ àwòrán kan kúrò lára ògiri yàrá àwọn olùkọ́, wọn kò tètè gbé òmíràn kọ́, àmì funfun onígun mẹ́rin sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Wọ́n tún ní kí gbogbo àjèjì lọ gba ìwé ìgbélùú tuntun.

Mo gba fọ́ọ̀mù tèmi ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, àyàfi ibì kan. Wọ́n béèrè iye ọmọ tí ìyá mi bí, àwọn tó wà láyé àti àwọn tó ti kú. Mo mọ àwọn tó wà láyé.

*

Kí n tó lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀, mo ní láti kọ lẹ́tà ṣáájú, kí n dá ọjọ́, kí òun náà lè wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tó ń so tẹlifóònù fún wa ní Àjàṣẹ́ sọ fún mi pé ohùn mi ń gba Paris àti London kọjá kó tó dé ìlú tí mo lè fi kẹ̀kẹ́ dé láàárín ọjọ́ méjì. N kò rí bí mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó bá bó ṣe ń pẹ́ mu.

Ohùn ìyá mi jáde tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́ mi, ó kí àwọn tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ìrìn àjò dé.

"Ṣé gbogbo yín pé níbẹ̀?"

"Màámi, èmi nìkan ni mo wà níbí," ni mo wí. "Ta ni yóò pé?"

Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò ń lọ, mo sì ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, nítorí náà mo béèrè pé ọmọ mélòó ló bí, tòkú tààyè.

"Ṣé wọ́n ń ka ọmọ ni?"

Mo ní ìjọba ló fẹ́ mọ̀. Ó ní kí ìjọba lọ ka ti ìyá tirẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wáyà já. Mo padà sílé, mo sì fi fọ́ọ̀mù náà sínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. N kò bá a jà rí, n kò sì gbà á gbọ́. Mo fi í sáàárín àwọn ohun tí ènìyàn mọ̀ láìlò, bí orúkọ àwọn ìlú tí kò ní dé láé.

*

Yàrá tó tẹ̀lé tèmi ni Sẹ̀tọnjí ń gbé. Ọmọ Adjarra ni, ibẹ̀ kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ènìyàn ilé bàbá òun pọ̀ ju ohun tí etí lè gbà. Ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń mójú tó igbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Èdè Gun, tí àwa ń pè ní Ègùn, ni wọ́n bí i sí, ó kàwé ní Faransé, Nàgó rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjà. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi ṣọ̀rẹ́ nìyẹn. Ohun tó dà wá pọ̀ ni pé àwa méjèèjì kò fẹ́ràn ariwo.

Ní ìgbà ẹ̀rùn ló sọ ọ̀rọ̀ erékùṣù kan fún mi. Inú odò Wẹ̀mẹ̀ ló wà, lápá Ṣábẹ lókè lọ́hùn-ún. Ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti ayé àwọn Faransé, kí ẹnikẹ́ni má dọdẹ níbẹ̀, kí wọ́n má sì gégi. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni gáàdì ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn erinmi tó ń gbé inú ibú ẹ̀gbẹ́ erékùṣù náà, kó sì máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lóṣooṣù nípa wọn. Lẹ́tà rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìlà kan ló sì máa ń wà nínú rẹ̀, láti ọwọ́ akọ̀wé ìlú: "Wọ́n pé."

Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò bínú sí i. Ọ̀gá tuntun tó dé lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ló béèrè pé mélòó ni wọ́n, ta ló sì ti fojú rí wọn. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iṣẹ́ orí ìwé lásán, pé bí gáàdì náà kò bá mọ iye ohun tó ń ṣọ́, a jẹ́ pé kò ṣọ́ nǹkan kan. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á sì ṣí erékùṣù náà sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn agégi. Sẹ̀tọnjí ni wọ́n rán lọ wò ó.

"Nàgó mi kò ní tó Nàgó bàbá yẹn," ni ó wí. "Ìwọ lo máa bá mi túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì ní òkúta ibẹ̀ kò jọ òkúta."

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: nítorí òkúta ni mo ṣe gbà láti lọ. N kò ro ti gáàdì náà.

*

Wọn kò parọ́ nípa àwọn òkúta náà. Odò ti fà, gbogbo ohun tó máa ń wà lábẹ́ omi ló ti yọrí. Òkúta kan tó tó ilé alájà kan jókòó lórí òmíràn tí kò ju àpótí ìjókòó lọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àárín wọn kọjá. Àwọn mìíràn là gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀bẹ pín. Àwọn ìjímèrè jókòó sórí wọn, wọ́n ń wò wá bí àgbà ìlú tó ń dúró de kí àlejò ṣàṣìṣe. Lékèélékèé funfun bo àwọn igi etí omi.

Gáàdì náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Gáàdì, fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé wa dé èbúté. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í yára. Ó ní kí a máa wo ilẹ̀ ná, kí òun lọ dáná. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Faransé sí: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú ohunkóhun kúrò ní erékùṣù náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo ń fi ara mi kọ́ Faransé nígbà yẹn.

Lórí àpáta tó ga jù, mo rí ihò kan tó yí róbótó bí inú odó, ó jìn tó apá mi títí dé ìgúnpá. Òkúta wẹ́wẹ́ dídán wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo pe Sẹ̀tọnjí, mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe kọ́ ọ ní yunifásítì: nígbà tí odò bá kún, omi á máa fi òkúta wẹ́wẹ́ yí lójú kan náà, ọdún gorí ọdún, títí yóò fi lu àpáta. Mo ní àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yìí ni irinṣẹ́ tó gbẹ́ ihò náà. Ó gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú wọn. Mo kọ orúkọ odò àti ọjọ́ sí bébà kékeré, mo fi wé e, mo sì fi sínú àpò mi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo rántí pátákó yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ẹranko àti igi ni wọ́n ní lọ́kàn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Bàbá Gáàdì fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí etí ibú, ó dúró jìnnà sí i. Àwọn erinmi wà níbẹ̀. Etí àti imú wọn nìkan ló hàn, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn jáde bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Sẹ̀tọnjí yọ ìwé rẹ̀, ó ní kí n kà wọ́n sókè ní Nàgó kí bàbá lè jẹ́rìí sí i. Mo na ìka mi, mo bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

N kò tíì dé ẹ̀fà tí àjẹ̀ fi dúró. Bàbá Gáàdì yí ọkọ̀ padà. Títí a fi gúnlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. Ìgbà tó ń so ọkọ̀ mọ́ igi ló tó sọ̀rọ̀, èmi ló sì bá wí, kì í ṣe Sẹ̀tọnjí.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé nílùú yín nìyẹn?"

Sẹ̀tọnjí béèrè pé kí ló wí. Mo ní inú ń bí i. Ó béèrè pé ṣé èèwọ̀ ibẹ̀ ni. Mo ní kì í ṣe ti ibẹ̀, ilé wa náà ni. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, bí mo sì ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi lórí wáyà.

*

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ yẹn, pé kí ló dé tí n kò fi rántí èèwọ̀ náà. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé láti oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó retí kí n hùwà bí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àjèjì ní òmìnira kan tí kì í mọ̀ pé òun ní: kò sẹ́ni tó máa ń bá a wí. Bàbá Gáàdì ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi wí ní ilẹ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà tó sì yẹ kó mọ̀. Ó dùn mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìtìjú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo lọ bá a nídìí iná, mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀.

"Ìyá rẹ ń bẹ láyé?"

"Ó ń bẹ, Bàbá."

"Ọmọ mélòó ló bí?"

"Kò sọ ọ́ fún mi rí, Bàbá." Ó ro iná rẹ̀.

"Ẹni tó tọ́ ẹ dáa nígbà náà," ni ó wí. "Ìwọ ni o kò dúró gba ẹ̀kọ́. Dìde."

Mo sọ fún un ohun tó wà nílẹ̀, láìfi bò: pé bí a bá padà láìní iye, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ á sì wọ erékùṣù. Ó ní òun ti gbọ́ èyí lẹ́nu akọ̀wé tó ń bá òun kọ lẹ́tà. Ó ní bó bá di òwúrọ̀, kí a ka ohun tí a bá fẹ́ kà nínú ọkàn wa, kí a má nàka, òun yóò sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun yóò fi ti òun hàn wá.

*

Ní òwúrọ̀, a jókòó sórí àpáta tó kọjú sí ibú. Bàbá Gáàdì kọ ẹ̀yìn sí wa lóòótọ́, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọn erinmi ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti jẹko, wọ́n ń wọ omi lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọmọ kékeré kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èmi àti Sẹ̀tọnjí kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kọ ọ́ sí bébà, a sì fi bébà wa han ara wa. Mẹ́tàlá ni mo kọ. Mẹ́tàlá ni òun náà kọ.

Sẹ̀tọnjí ní kí n sọ fún bàbá pé èyí dáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun yóò béèrè bóyá gáàdì fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bàbá ní ká tẹ̀ lé òun. Ó ń gun òkè lọ, àwa ń tẹ̀ lé e, nígbà tí mo sì rí ibi tó ń lọ, mo fà sẹ́yìn.

Ó kúnlẹ̀ sídìí ihò róbótó náà. Ó ní omi kì í dé ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun ti mọ ojú odò, pé òun ló kó àwọn òkúta wẹ́wẹ́ náà síbẹ̀. Bí erinmi kan bá bímọ, òun á wá òkúta kan nísàlẹ̀ odò, òun á fi sínú ihò. Bí ọ̀kan bá kú, òun á mú òkúta kan, òun á jù ú sínú ibú. Nígbà tí oṣù bá parí, òun á kó wọn jáde ní méjì-méjì.

"Òkúta ni mò ń tò," ni ó wí. "N kò ka ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe wà lọ́dún yìí, bí mo bá tò wọ́n tán, ọ̀kan á ṣẹ́kù tí kò ní ẹnìkejì. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n pé."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Sẹ̀tọnjí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde, méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Nígbà tó tò ó di ọ̀nà mẹ́fà, ó tún na ọwọ́ sínú ihò, ó sì yí i kiri bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó wo àwọn tó wà nílẹ̀. Ó tún wọn tò. Mẹ́fà náà ni, kò sí èyí tó ṣẹ́kù.

Sẹ̀tọnjí dé ìdérí bíírò rẹ̀. Ó sọ fún mi ní Faransé, jẹ́jẹ́, pé ohun tí wọ́n ti ń sọ ní ọ́fíìsì nìyí, ó sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀. N kò túmọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ sídìí fún un. Bàbá Gáàdì ti jókòó sórí àpáta, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

"Mo ti darúgbó," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ló ti ju ọ̀kan nù tí n kò mọ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n rán ọ̀dọ́ wá."

Àpò mi wà léjìká mi. Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó sì jọ pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àjèjì ni mí, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Pátákó wà ní èbúté, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Sẹ̀tọnjí, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀nà àbáyọ kan wà tó rọrùn: kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n ní mo rí òkúta kan nínú koríko níbí. Irọ́ yẹn ì bá gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là. Iye á péye, erékùṣù á wà. Ohun kan ṣoṣo ló burú nínú rẹ̀. Bàbá yóò gbà á gbọ́ títí yóò fi kú pé ọwọ́ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà.

Mo yọ òkúta náà tòun ti bébà tí mo fi wé e.

"Bàbá, ọwọ́ yín kò ṣìnà. Èmi ni mo mú un lánàá."

Ó gbà á. Ó tú bébà náà, ó wo ohun tí mo kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé, ó sì dá a padà fún mi. Ó gbé òkúta náà sílẹ̀ lóun nìkan, lẹ́yìn àwọn tó ní ẹnìkejì. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ọmọ Ẹ̀gbá," ni ó wí. "Àpáta tó tó ìlú wà nílé yín. Ẹ tún wá ń jí wẹ́wẹ́ tiwa."

Sẹ̀tọnjí, ẹni tí mo rò pé kò gbọ́ Nàgó tó bẹ́ẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

*

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa padà, ó ka ìròyìn rẹ̀ fún mi. Ó kọ ọ́ pé a rí erinmi mẹ́tàlá, pé gáàdì ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó fi òkúta ṣe, àti pé àwọn méjèèjì bára mu. Kò dárúkọ mi. Mo ní ìròyìn náà kò pé. Ó ní, "Pọrọfẹ́sọ̀, nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, òkúta wà nínú ihò. Ohun tí mo rí ni mo kọ." Mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kù káàtó, n kò rí i.

Wọn kò yọ Bàbá Gáàdì. Ọ̀gá tuntun fi ìwé ńlá kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ti fa ìlà sí, kó máa kọ iye sínú rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Sẹ̀tọnjí mú lẹ́tà rẹ̀ wálé kí n lè rí i. Ìlà rẹ̀ ti di méjì. "Wọ́n pé. Ẹ kí Ẹ̀gbá."

Mo dá fọ́ọ̀mù mi padà fún àwọn ọlọ́pàá láìkọ nǹkan kan sí àyè yẹn. Ẹni tó gbà á jẹ́ ọmọ Sakété, Nàgó ni. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo ní ìyá mi kò gbà kí wọ́n ka ọmọ òun. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ Faransé kan sínú àyè náà, èyí tó túmọ̀ sí "púpọ̀". Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ìwé ìgbélùú mi jáde.

Ọjọ́ tí a ti Ṣábẹ dé, ó ti di ìrọ̀lẹ́. Láti òpópónà ni mo ti ń gbọ́ Màmá Filó lágbàlá, ó ń béèrè pé ta ló kù lóde. Ẹnì kan dáhùn láti inú yàrá pé Sẹ̀tọnjí ni àti pọrọfẹ́sọ̀. Ó ní òun mọ̀, pé ìdí nìyẹn tí òun kò tíì ti ilẹ̀kùn. A wọlé. Ó fi èdè kẹrin bá wa wí, ó sì gbé àkàsà àti ẹja síwájú wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó tún béèrè, mo dáhùn láti yàrá mi pé mo wà nílé. Kò fi hàn pé ó yà á lẹ́nu.

Mo tún dá ọjọ́ fún ìyá mi. Ohùn rẹ̀ gba ibi tó máa ń gbà, ó pẹ́ bó ṣe máa ń pẹ́. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́ mi. Mo kí i, n kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé gbogbo yín pé níbẹ̀?"

Mo rò ó wò kí n tó dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo to àwọn ará ilé náà lọ́kàn mi, láìkà wọ́n, títí mo fi dé orí ara mi.

"A pé, Màámi."

Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n bá òun kí wọn.